Àlàmú Inú Orin

Kí Àlàájà Ràfíátù Abọ́dúndé, àgbà olórin, tó jáde sórí ìtàgé, ó ti rẹ Tàíbátù. Àga rọ́bà tí ó jókòó lé ń ni egungun ìdí rẹ̀ lára, oòrùn ìrọ̀lẹ́ Accra sì ń gba abẹ́ tapólì wọlé bí àlejò tí a kò ké sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sàlàkọ́, ọkọ rẹ̀, ti ń tòògbé. Láti ìdájí ni ọkùnrin náà ti wà ní ọjà Kantamanto, níbi tí ó ti ń tú bẹ́ẹ̀lì òkírìkà tí ó sì ń tà á. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí bẹ́ẹ̀ fún un.

Yusif, ọmọ wọn, ni ó ra tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láti Kumasi. Ó rò pé òun ń ṣe àwọn òbí òun lóore. Kò mọ̀ pé láti ìgbà tí òun ti wà lẹ́yìn ìyá òun ni orin tí Àlàájà fi gbayì ti jókòó sí àárín àwọn méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ náà kò ju orúkọ kan lọ. Orúkọ ni a fi ń mọ ènìyàn. Oríkì ni a fi ń tù ú. Ìyá ni í kọ́kọ́ fi oríkì pe ọmọkùnrin rẹ̀. Bí ọmọ náà bá gbéyàwó, ìyàwó a gbà á lẹ́nu ìyá. Àlàmú ni oríkì Sàlàkọ́. Tàíbátù ti ń fi pè é láti ọjọ́ tí ó ti wọ ilé rẹ̀ ní Mamobi, títí di ọdún tí kásẹ́ẹ̀tì Ràfíátù jáde, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù Okaishie ń lù ú:

Àlàmú, ìlẹ̀kùn ò tì;
Bí o bá dé, wọlé.

Agbo ilé kan náà ni a ti tọ́ Ràfíátù àti Sàlàkọ́ dàgbà, àwọn aládùúgbò kò sì wá ẹ̀rí mìíràn. Wọ́n ní àwọn méjèèjì ti jọ ń rìn kí Ràfíátù tó bá ẹgbẹ́ olórin lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Tàíbátù bi ọkọ rẹ̀ léèrè. Ó ní, "Ìyá Yusif, Àlàmú pọ̀ nílẹ̀." Kò wí pé bẹ́ẹ̀ ni, kò wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti ọjọ́ náà ni oríkì náà ti korò lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Bàbá Yusif ni ó ń pè é. Nígbà tí ìyá Sàlàkọ́ sì papò dà, kò ku ẹnikẹ́ni láyé tí ń pè é ní Àlàmú.

Nítorí náà, ohun kan ni Tàíbátù bá wá síbí. Ó fẹ́ mọ ẹni tí ó ni Àlàmú, kí ó lè gba orúkọ náà padà, tàbí kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá kí ó sì sinmi.

Zuweira, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwọn, jókòó sí ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó fi ìgúnpá gún un.

"Ìyá Yusif, ọkọ rẹ ń sùn ni, àbí ó ń sá?"

"Iṣẹ́ ni ó rẹ̀ ẹ́."

"Iṣẹ́ wo? Ẹni tí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ fẹ́ jáde."

"Zuweira, bí o bá fẹ́ yọ mí lẹ́nu, kọ́kọ́ bá mi ra omi wá."

"Bí ẹsẹ̀ mi bá ń gbé mi ni, ṣé ibí ni ǹ bá jókòó sí? Iwájú pátápátá ni ǹ bá wà, kí n lè rí bí yóò ṣe wò ó."

Nígbà tí Àlàájà jáde, elégbè méjì ni ó dì í mú ní apá, wọ́n sì rọra gbé e ka orí àga. Onígìtá rẹ̀ ti pá. Onídùùrù ń fi imú kan dùùrù kí ó tó rí ohun tí ó ń tẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ohùn tí ó ti ń gun òkè láìmí nígbà kan wá ń dúró sinmi lójú ọ̀nà, àwọn elégbè a sì gba orin náà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ẹrù lórí àgbà.

Àánú rẹ̀ kò ṣe Tàíbátù. Ojú rẹ̀ ni ó ń ṣọ́. Ojú náà rìn káàkiri àwùjọ. Ó dé ọ̀dọ̀ Sàlàkọ́ tí ó ti la ẹnu sílẹ̀ nínú oorun, ó sì ré e kọjá bí ìgbà tí a bá ré ògiri kọjá. Ṣùgbọ́n ẹyin ojú Àlàájà ti funfun. Bóyá kò rí i ni, bóyá kò kà á sí ni, Tàíbátù kò lè sọ.

Lẹ́yìn orin bíi mélòó kan, gìtá bẹ̀rẹ̀ èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwùjọ mì. Àlàájà gbé ọwọ́ sókè, ìlù dákẹ́.

"Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n mí." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ibi gbogbo tí mo bá dé ni wọ́n ti ń bi mí pé Àlàmú wo ni. Àwọn kan tilẹ̀ ti bá mi fẹ́ ẹ, wọ́n sì ti bá mi kọ̀ ọ́. Orin ni ó kọ́kọ́ wá, kì í ṣe ọkùnrin. Dò dò mí ni mo gbọ́. Mo wá ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò wọ̀ ọ́. Àlàmú: dò dò mí. Àjàní ńkọ́? Dò dò mí. Àyìndé? Àdìsá? Gbogbo oríkì ọkùnrin tí mo mọ̀ ni ó gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá. Ẹ wò ó, èémí mi kò gbé orúkọ náà mọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀, n ó dákẹ́. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan fi tirẹ̀ sí i."

Tàíbátù rọra fi ahọ́n wọn ọ̀rọ̀ náà sí ẹ̀yìn eyín rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo dò dò mí tí ń bẹ láyé, kí ló dé tí ó jẹ́ èyí ni ẹnu rẹ̀ mú? Èsì Àlàájà tọ́, àmọ́ kì í ṣe èsì ìbéèrè tirẹ̀. Ó wá yé e pé kò sí ibòmíràn tí òun tún lè gbé ìbéèrè náà lọ. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni ó jókòó sórí àga yẹn tí ó ń wá èémí. Ó sì ṣeé ṣe kí Àlàájà pàápàá ti gbàgbé.

Orin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi orúkọ, Àlàájà dákẹ́. "Àkàndé," ni obìnrin kan wí níwájú. "Àjàgbé," ni òmíràn wí. Àwọn elégbè gbé e: ìlẹ̀kùn ò tì. Ó tún yípo. Zuweira na ọrùn, ó ní, "Àtàndá," oríkì ọkọ rẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀, kò sì ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan tẹ̀ lé e.

Tàíbátù la ẹnu. Ohùn kò jáde. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún la ẹnu, bákan náà ni. Kí ó tó tún múra, àwọn elégbè ti já sínú orin mìíràn.

"O kò pe tìrẹ," ni Zuweira wí.

"Ó ń sùn."

"Tèmi sùn jù ú lọ. Mo pè é."

Kí wọ́n tó pe ìrun Mọ̀gàríbì, eré ti parí. Wọ́n ti mú Àlàájà wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń to àga léra. Zuweira ti ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Tàíbátù fọwọ́ kan èjìká ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Yusif."

Ó ń hanrun.

"Bàbá Yusif, wọ́n ti parí. Ẹ jí."

Òṣìṣẹ́ kan wá dúró tì wọ́n, ó ń wo àga. Tàíbátù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí etí ọkọ rẹ̀. Ohùn tí ó jáde há, ó sì kéré.

"Àlàmú."

"Ẹ̀ẹ̀n, Màmá," ni Sàlàkọ́ dáhùn, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì. "Mò ń bọ̀."

Ó lajú. Ó wo ìtàgé tí ó ti ṣófo, ó wá wo ìyàwó rẹ̀.

"Ta ni ó pè mí?"

"Èmi ni."

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ó ti kọ orin náà?"

"Ó ti kọ ọ́. Ó ní dò dò mí ni."

"Kí ni ìyẹn?"

"Ohùn orin ni. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó mọ̀ pé ohun tí òun wí ju ohun tí òun mọ̀ lọ, ṣùgbọ́n àárẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbà á padà. Sàlàkọ́ ń wò ó bí ẹni tí ń gbìyànjú láti rántí ibi tí ó gbé nǹkan sí.

"Tún mi pè," ni ó wí.

"Ẹ dìde ná. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Tí a bá délé."

Ó na ọwọ́ sí i. Sàlàkọ́ dì í mú, ó gbìyànjú, ó padà jókòó, ó tún gbìyànjú. Nígbà tí ó dìde tán, òṣìṣẹ́ náà fa àga kúrò lẹ́yìn rẹ̀.