Ta Ló Ti Dán Fídíò Kọkànlélógójì Wò?

1.

…nítorí náà, kì í ṣe omi ló kọ́kọ́ jáde. Oje ni. Ó funfun bíi wàrà. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: oje. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó fún mi.

Máàkì: òdo.

(Ìdajì ìsàlẹ̀ ìwé tí obìnrin náà kọ sí ọ̀gá rẹ̀ nìyí. Ọ̀gá da tíì sí ìdajì òkè. Ó ní ọwọ́ òun ló yọ̀.)


2.

ÌKÉDE
(lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tútù)

SÍ GBOGBO ONÍDÀÁJỌ́ FÍDÍÒ
Ǹjẹ́ àwòrán mọ́lẹ̀? Máàkì méjì.
Ǹjẹ́ ohùn já gaara? Máàkì méjì.
Ǹjẹ́ àwọn èèyàn wò ó dópin? Máàkì mẹ́fà.
Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lórí fídíò kan.
Ẹ MÁ KÚRÒ LÓRÍ ÀGA.

Lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìkọ̀wé gbàgẹ̀rẹ̀, pẹ́ńsùlù:

Ǹjẹ́ ẹnì kankan ti dán an wò?

Wọ́n pa á rẹ́. Obìnrin náà tún un kọ. Wọ́n tún pa á rẹ́.

Ó lọ mú bíírò.


3.

Ṣe-é-kí-n-rí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, òun sì gbé orúkọ náà wọ̀ bí ẹ̀wù tó bá a mu.

Ẹni méje ló ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá náà. Wọ́n á ki íápíìsì bọ etí, wọ́n á máa wo fídíò àwọn tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe lè yè nínú igbó: bí a ṣe ń dá iná, bí a ṣe ń wá omi, bí a ṣe ń wá ọ̀nà ilé. Fídíò tó bá gba máàkì mẹ́jọ sókè, ilé-iṣẹ́ á lẹ àmì ewé mọ́ ọn. Ẹni tó bá rí àmì ewé á gbà pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ewé tó lẹ̀, onídàájọ́ gbọ́dọ̀ tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ gíláàsì kékeré kan lórí tábìlì.

Àwọn mẹ́fà yòókù ń wò, wọ́n ń tẹ̀. Òun ń wò, ó ń dìde.

Á gba ẹ̀yìn jáde, á bọ́ sí àárín jẹnẹrétọ̀ àti ọgbà. Ibẹ̀ ni ilé ẹjọ́ tirẹ̀ wà: garawa kan, ọ̀bẹ kan, ìdì igi gbígbẹ, àti aago ìjínilójú-oorun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán. Ohun tí fídíò bá ní kí èèyàn ṣe, á ṣe é. Bó bá ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, kí ẹnu tó sọ ọ́ lọ wá iṣẹ́ mìíràn.

Ọmọ agbégilódò ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi ka igi nínú igbó kí wọ́n tó gé wọn. Kò jókòó ní ilé-ìwé pẹ́. Òun ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà, lára páálí ọṣẹ àti lára nọ́ńbà tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára gẹdú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tó bá ti ń dán jù kì í fi í lọ́kàn balẹ̀. Á fi èékánná ha á wò ná, bóyá ọ̀dà ni.


4.

LÁTI INÚ ÌWÉ RẸ̀

Fídíò kẹsàn-án. Bí a ṣe ń fi yìnyín dá iná. Mo gbé yìnyín láti inú fíríìjì. Mo dúró nínú oòrùn fún wákàtí kan. Koríko tutù, ọwọ́ mi kú. Òdo.

Fídíò kẹtàdínlógún. «Bí o bá sọnù, tẹ̀lé ẹyẹ, á mú ọ dé ibi omi.» Mo tẹ̀lé ẹyẹ. Ó mú mi dé ààtàn. Òdo.

Fídíò kọkànlélógún. Ọkùnrin kan fi igi kan ṣoṣo gbẹ́ ilẹ̀, ó fi ọwọ́ mọ ilé alájà méjì. Èékánná rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ta ló bá a ru amọ̀? Òdo.

Fídíò kẹtàlélógún. Ìyá arúgbó kan. Àwòrán ń gbọ̀n bí ẹni tí otútù mú. Ó ní bí o bá wọ igbó, ní gbogbo ogún ìṣísẹ̀, ṣẹ́ ẹ̀ka kékeré kan kí ó dojú kọ ọ̀nà ilé, kí o sì yíjú wẹ̀yìn wò, torí pé ojú ọ̀nà àlọ kì í jọ ti àbọ̀. Ẹni mọ́kànlá péré ló ti wò ó. Mo dán an wò. Mo padà délé. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá.

(Ọ́fíìsì fún un ní méjì. Wọ́n ní àwòrán ń gbọ̀n.)


5.

FÍDÍÒ KỌKÀNLÉLÓGÓJÌ
Olùkọ́: ẹni tó pe ara rẹ̀ ní Kìnìún Aginjù
Àwọn tó ti wò ó: ọ̀kẹ́ méjì ó lé

0:12 KÌNÌÚN: Ẹ̀yin akọni mi! Òùngbẹ ò lè pa ọmọ igbó!
0:31 KÌNÌÚN: Ìtàkùn èyíkéyìí! Mo ní èyíkéyìí! Ẹ gé e, ẹ gbé e sẹ́nu!
0:38 (Ó gé e. Òjìji rẹ̀ wà lápá òsì.)
0:39 (Ó ń mu. Omi náà mọ́ gaara. Òjìji rẹ̀ wà lápá ọ̀tún.)
0:52 KÌNÌÚN: Háà! Ó dùn ju omi inú ìgò lọ!


6.

Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, oòrùn sáré la ojú ọ̀run já.


7.

Ìtàkùn inú fídíò náà ò jìnnà. Ó gun ọgbà ẹ̀yìn ọ́fíìsì wọn. Ṣe-é-kí-n-rí já ewé kan níbẹ̀, ó gbé e lé ojú kọ̀ǹpútà, ewé lórí ewé: ẹlẹ́nu mẹ́ta, iṣan pupa láàárín. Òun náà ni.

Ó gé e. Funfun.

Bàbá rẹ̀ máa ń sọ pé ìtàkùn tó bá ń sunkún funfun, fi í sílẹ̀ kó máa sunkún. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá náà, ọ̀rọ̀ ni. Ó kán oje náà, ẹyọ kan péré, sí ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀, ó sì gbé aago ẹlẹ́sẹ̀ kan kalẹ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin: ó ń yún ún.
Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án: ó pọ́n.
Lọ́jọ́ kejì: ó ti lé bí ibi tí omi gbígbóná ta sí.

Kì í ṣe pé gbogbo ìtàkùn ló burú. Àwọn kan ní omi gidi, òun fúnra rẹ̀ ti mu nínú wọn rí. «Èyíkéyìí» ni ọ̀rọ̀ tó lè pani níbẹ̀.

Ó fọwọ́ kan ọ̀fun ara rẹ̀.


8.

FÓÒNÙ RẸ̀, Ọ̀SÁN ỌJỌ́ ÌṢẸ́GUN

ÀBÍKẸ́YÌN: Mọ́mì!! Tíṣà wa ní fídíò Kìnìún ni wọ́n máa fi kọ́ wa ká tó wọ igbó lọ́jọ́ Ẹtì! Ó ní ó ku kí wọ́n lẹ àmì ewé mọ́ ọn. Ibi iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn?
ÌYÁ: Èèyàn mélòó ló ń lọ?
ÀBÍKẸ́YÌN: Méjìlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ méjì. A ò ní gbé omi púpọ̀, kí ẹrù má bàa wúwo. Ìtàkùn ṣáà wà.
ÌYÁ: Kò sẹ́ni tó máa mu ìtàkùn kankan.
ÀBÍKẸ́YÌN: Mọ́mìììì
ÀBÍKẸ́YÌN: Kò sóhun tó dáa lójú yín rí. Kìnìún ti sun ogójì ọjọ́ nínú igbó o!
ÌYÁ: Mo lo ọdún mọ́kànlá níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó yà mí ní fídíò.
ÀBÍKẸ́YÌN: (àwòrán kìnìún mẹ́ta)
ÌYÁ: (àwòrán ọrùn ọwọ́ kan)
ÀBÍKẸ́YÌN: Yéè! Ta ló ṣe yín bẹ́ẹ̀??
ÌYÁ: Kìnìún, olùkọ́ yín.


9.

ÌPÀDÉ, ÒWÚRỌ̀ ỌJỌ́RÚ
(Kíá-kíá, ẹni tó ń gé fídíò tó sì ń tò ó fún ilé-iṣẹ́, ló gba ohùn sílẹ̀. Ọ̀gá kéré sí obìnrin náà lọ́jọ́ orí.)

Ọ̀GÁ: Ẹ jókòó, Mà.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Etí mi ń gbọ́ràn lóòró.
Ọ̀GÁ: Fídíò yìí, àwòrán rẹ̀ mọ́. Ohùn já gaara. Gbogbo ayé wò ó dópin. Mẹ́wàá nìyẹn.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Dígí fèrèsé yín náà mọ́. Ẹyẹ ń forí sọ ọ́, wọ́n ń kú.
Ọ̀GÁ: Ẹ má pòwe fún mi, Mà.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Òwe bí ti báwo? Mo gbá méjì nílẹ̀ láàárọ̀ yìí.
KÍÁ-KÍÁ: (ẹ̀rín)
Ọ̀GÁ: Iṣẹ́ tiwa ni ká wo fídíò. Kì í ṣe ká mu ìtàkùn.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Ẹni tó bá rí ewé wa lára ẹ̀ ló máa mu ún.
Ọ̀GÁ: Ta ló máa mu ún? Ìgbádùn ojú lásán ni.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Ọmọ méjìlélọ́gbọ̀n. Ọjọ́ Ẹtì. Ọmọ mi wà níbẹ̀.
Ọ̀GÁ: Ó dáa. Kí ọmọ tiyín jókòó sílé.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Ẹ tún un sọ. Ẹ sún mọ́ fóònù.
KÍÁ-KÍÁ: Ọ̀gá, èmi náà rí òjìji yẹn. Wọ́n gé e níbẹ̀ ni. Báyìí lèmi náà ṣe ń gé e. Ṣùgbọ́n ìpolówó ọṣẹ lèmi fi ń ṣe tèmi, ẹnikẹ́ni kì í mu ọṣẹ.
Ọ̀GÁ: Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀? Mà, aago méjìlá ọ̀sán ọ̀la. Àtàǹpàkò yín, tàbí ti ẹlòmíràn.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Ara mi ni tèmi ti hù. Ibẹ̀ ló máa gbé.


10.

FỌ́Ọ̀MÙ ÀMÌ EWÉ
Fídíò: 41
Ìwúlò rẹ̀: *10* (ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ìgbà)
Àtàǹpàkò onídàájọ́:

[               ]


11.

Mo ń pe ara mi ní «obìnrin náà». Àyà kì í já èèyàn tó bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló ń ṣe é.


12.

LÁBẸ́ FÍDÍÒ NÁÀ, ÌRỌ̀LẸ́ ỌJỌ́RÚ

ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Wá mu ún níwájú mi. Ìtàkùn kan náà. Kámẹ́rà kan, láìgé e. Ọ̀la, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ̀yìn ọ́fíìsì àwọn alámì ewé.
AKỌNI77: Màmá, ẹ lọ wá nǹkan sè.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Mo ti sè. Mo ti jẹ. Mo ti fọ abọ́. Mo wà níbí.
ỌMỌ KÌNÌÚN: Ìlara ló ń jẹ yín.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Ìtàkùn ló jẹ mí. (àwòrán ọrùn ọwọ́ kan)
AKỌNI77: Hẹ̀n. Kìnìún, ẹ dá a lóhùn o.
ỌMỌ KÌNÌÚN: Ẹ dá a lóhùn.
(igba èèyàn ó lé: Ẹ dá a lóhùn.)
KÌNÌÚN AGINJÙ: Kìnìún kì í sá fún ewúrẹ́. Mò ń bọ̀.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Ewúrẹ́ mọ ewé tí òun ò gbọdọ̀ jẹ.


13.

Ó wá lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fún un ní ìyẹn, torí pé òótọ́ kò mọ ọ̀tá.

Ó kúrú ju inú fídíò lọ. Bàtà igbó ẹsẹ̀ rẹ̀ tuntun débi pé bébà orúkọ ṣì lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, «Ẹ káàárọ̀, Mà,» bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ìyẹn fẹ́ rọ obìnrin náà lọ́kàn. Ó wo ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Ọkàn náà le padà.

Kíá-kíá gbé fóònù lé orí àga, ó fi òkúta tì í lẹ́yìn. Ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ ni gbogbo ayé ń rí ní kété tó bá ṣẹlẹ̀. Àbíkẹ́yìn ti kọ̀wé ránṣẹ́ láti kíláàsì: «Tíṣà gbé e sára ògiri. Gbogbo wa ń wò yín.»

00:00 Kámẹ́rà ṣí. Òjìji garawa wà lórí òkúta pẹrẹsẹ kan.

01:20 Obìnrin náà fi èèkù ọ̀bẹ lé Kìnìún lọ́wọ́.

02:41 Kìnìún gé ìtàkùn náà.

02:42 Funfun.

03:10 KÌNÌÚN: Ìmọ́lẹ̀ ò dáa níbí. Ẹ jẹ́ ká pa á ná, ká tún un bẹ̀rẹ̀.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Oòrùn kì í pa ara rẹ̀ ná.

06:35 KÌNÌÚN (ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀): Mà, ìyá mi ń wo eléyìí.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Ọmọ tèmi náà ń wò ó.

09:00 Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó wọlé padà.
KÍÁ-KÍÁ: Ó ń lọ wá àtàǹpàkò.

09:30 Àga mẹ́fà ṣófo nínú yàrá. Àwọn mẹ́fà tó ni wọ́n ti jáde, wọ́n fẹ̀yìn ti jẹnẹrétọ̀. Àtàǹpàkò wọn méjèèjìlá ló wà níta. Ọ̀gá nìkan ló wà nínú ilé pẹ̀lú méjì tirẹ̀.

15:12 ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Gbọ́ mi. Bí o bá gbé e sẹ́nu, màá gbá a dànù. Mi ò pè ọ́ kí n lè wo bí ẹnu ẹ ṣe máa bó. Sọ ọ́ ni. Sọ pé kì í ṣe èyíkéyìí.
KÌNÌÚN: Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ló gbà mí gbọ́, Mà.
ṢE-É-KÍ-N-RÍ: Méjìlélọ́gbọ̀n lèmi ń kà.

19:47 Fóònù obìnrin náà gbọ̀n nínú àpò. ÀBÍKẸ́YÌN: Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́.

28:30 Òjìji garawa ti kúrò lórí òkúta. Ó sún díẹ̀díẹ̀, kò fo. Ó ti kan imú bàtà tuntun.

31:02 Oje kán sílẹ̀.

31:03 Kìnìún gbé ìtàkùn sókè. Obìnrin náà na ọwọ́ láti gbá a dànù.

31:04 Kìnìún la ẹnu.