Àgbá Tí Kò Hó

Ìyá Oníwáìnì tún gbé etí lé àgbá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kẹ́kẹ́ pa. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Omi àjàrà náà pa rọ́rọ́ bí omi inú kànga. Kò hó, kò ru.

Àwọn ará àdúgbò ló sọ obìnrin náà ní Ìyá Oníwáìnì, nítorí wáìnì tó ń hó ló ń ṣe látinú àjàrà ọgbà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Kì í fi ṣúgà sí i, kì í sì í fi ìwúkàrà inú páálí sí i. Ohun tó ń mú un hó ti wà lára èèpo àjàrà látorí igi. Bó bá ti hó dé ìwọ̀n tó fẹ́, á rọ ọ́ sínú ìgò, á dé e pa, kó lè parí híhó rẹ̀ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá kan èèpo náà, ohun náà á kú, wáìnì ò sì ní hó mọ́.

Àbúrò rẹ̀ tó ń tọ́jú ọgbà gbé apẹ̀rẹ̀ òfìfo wọlé.

"Kí lo fín sára àjàrà mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ rí?"

"Má bi mí léèrè ohun tí mo rí. Kí lo fín?"

Ọkùnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì tútù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Nígbà tí ẹ wà lọ́sibítù lọ́dọ̀ Màámi, èbu funfun bo gbogbo ewé. Ó ti ń wọ èso. Oògùn èbu la fín."

"O ò sì lè pè mí?"

"Mo fẹ́ pè yín. Wọ́n ní n má pè."

"Àwọn wo?"

Ọkùnrin náà gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ yà sí apá ilé. Ìgbà yẹn ló tó yé Ìyá Oníwáìnì pé "wọ́n" tí àbúrò rẹ̀ ń wí kì í ṣe èrò púpọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bọ̀wọ̀ fún ni.

Ó gba kíṣìnì lọ. Ọkọ rẹ̀ ń fọ ìgò níbẹ̀, ó ń súfèé.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fín in."

Súfèé dá. "Ìwọ náà wò ó. Ìyá ẹ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, o ò jẹ, o ò mu. Ṣé kí n tún wá gbé wàhálà ewé kò ẹ́ lójú ni?"

"Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mo ń bi yín lórí fóònù pé àjàrà mi ńkọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ní ó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Mo máa ń sọ fún Màámi, àwọn náà á rẹ́rìn-ín. Irọ́ yẹn ni mo fi ń rí oorun sùn."

Ọkọ rẹ̀ nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Kò tíì bàjẹ́ jù. Ká ra ìwúkàrà onípáálí, á hó. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀yin mọ̀. Àbúrò mi mọ̀. Èmi tí mò ń fi ẹnu ara mi sọ fáyé pé kò sí oògùn nínú ẹ̀, èmi nìkan ni mi ò mọ̀."

Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù.

Ìyá Oníwáìnì mú fóònù, ó pe obìnrin tó ni ilé oúnjẹ tó máa ń kọ́kọ́ gba wáìnì rẹ̀ lọ́dọọdún.

"Ẹ má retí wa lọ́dún yìí o. Wọ́n ti fín oògùn sí àjàrà wa."

"Háà! Ọ̀tá wo ló ṣe irú èyí?"

Ọkọ rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìyá Oníwáìnì wò ó títí.

"Ọ̀tá kọ́," ló wí. "Ọkọ mi ni."

Ó jáde lọ sídìí àwọn àgbá. Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́ láti bá a gbé àgbá àkọ́kọ́ nídìí.

"Ẹ fi sílẹ̀," ni Ìyá Oníwáìnì wí. "Màá dá a dànù."