Ọrun Tí Apá Maren Gbà

"Má bá a jà, Maren. Gbé e sókè díẹ̀, kó o wá fà á wálẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ." Wendell ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúró tì í nínú gbọ̀ngàn gígùn tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń dán ọrun wò kí wọ́n tó rà á.

Maren Tollefsrud ki ọrun náà mọ́lẹ̀, ó fà á. Ọrun tuntun ni, ó ní wíìlì kékeré lókè àti nísàlẹ̀, irú èyí tí àwọn ọdẹ àríwá Wisconsin ń lò báyìí. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló máa ń le. Bí ọsán, ìyẹn okùn ọrun náà, bá ti kọjá agbedeméjì, wíìlì á gba ẹrù náà lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Ṣùgbọ́n Maren ò dé agbedeméjì. Apá ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì rọra dá ọsán padà sáyè rẹ̀.

"Ó le jù," ló wí.

"Ó le kẹ̀?" Orville, bàbá rẹ̀, dáhùn láti orí bẹ́ǹṣì. "Nígbà tó o wà lọ́mọ ogún ọdún, èyí tó le ju ìyẹn lọ lò ń fà bí ẹni fa okùn bàtà."

"Dádì, èmi kì í ṣe ọmọ ogún ọdún mọ́."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ̀. Nígbà ooru ọdún tó kọjá ni dókítà rí àrùn jẹjẹrẹ nínú ọmú ọ̀tún Maren. Wọ́n gé ọmú náà, wọ́n sì gé nǹkan kúrò lábẹ́ abíyá rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà táwọn èèyàn yòókù ń dọdẹ àgbọ̀nrín, orí àga ilé ìwòsàn ni Orville wà, tó ń bá ọmọ rẹ̀ di ike mú bí oògùn jẹjẹrẹ bá mú kí èébì gbé e. Ní gbogbo ìgbà òtútù, Maren ń fi ìka rìn lára ògiri ilé ìdáná láràárọ̀ bí aláǹgbá, kí apá náà lè ga ju èjìká lọ. Nígbà tí dókítà wá sọ pé ara rẹ̀ ti mọ́, ìdí bọ́ọ̀sì iléèwé tó ń wà ló kọ́kọ́ padà sí. Ọrun ló tẹ̀ lé e.

Wendell mú òmíràn wá, ó fi sípánà kékeré dẹ̀ ẹ́. Eléyìí, Maren fà á dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n etí àmì tí wọ́n ń ta ọfà sí ni ọfà lọ gún, ọrun sì ta lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewúrẹ́ tó fẹ́ já okùn. Ó tún un ta, ìyẹn burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ojú àpá abẹ ń ro ó. Ó gbé ọrun náà lé tábìlì, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Jẹ́ ká máa lọlé," ni Orville wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ìwọ tó o wà láyè yìí ti tó mi. Kò di dandan kó o tafà."

"Ó di dandan fún mi, Dádì. Wọ́n ti gé èyí tí wọ́n máa gé lára mi. Ẹ má jẹ́ ká fi eléyìí kún un."

Wendell họ irùngbọ̀n. "Ọ̀kan ṣì kù, àmọ́ mi ò fẹ́ kó o bínú sí mi. Àwọn ọmọ tó ń dàgbà ni wọ́n ṣe é fún. Ó kúrú, ó fúyẹ́, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bíi ti súìtì."

"Ọrun ọmọdé?" Orville bi í.

"Ọrun ọmọdé ni, Bàbá. Ṣùgbọ́n mo lè máa mú un le díẹ̀díẹ̀ bí apá rẹ̀ bá ṣe ń lágbára sí i."

"Gbé e wá," ni Maren wí. "Àgbọ̀nrín ò ní bi mí léèrè ọjọ́ orí ọrun."

Àwọ̀ àlùkò ni ọrun náà. Maren gbé e sókè, ó fà á. Wíìlì yí, ẹrù náà sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹnì kan bá a gbà á. Ó dúró, ó ń retí kí apá rẹ̀ gbọ̀n. Kò gbọ̀n. Ó mí jáde díẹ̀, ó tú ọsán sílẹ̀. Ìró rẹ̀ ò ju ti ìgbà téèyàn pa ìwé dé lọ. Àárín àmì ni ọfà náà wà. Ó ta òmíràn, ìyẹn lọ dúró ti àkọ́kọ́. Nígbà tó ta ẹ̀kẹta, kò tiẹ̀ wojú àmì mọ́. Bàbá rẹ̀ ló wò. Orville ti ṣí fìlà, ó fi lé àyà.

"Ṣé ó lè pa àgbọ̀nrín?" ni bàbá náà béèrè.

"Ó lè pa á, òfin sì gbà á, bí ẹran bá ṣáà ti sún mọ́ ọn dáadáa," ni Wendell dáhùn.

"A ó jókòó jẹ́ẹ́ títí tí yóò fi sún mọ́ wa," ni Maren wí.

Wendell yíjú sí bàbá. "Ṣé kí n mú ọ̀kan wá fún ẹ̀yin náà?"

Orville wo ìka rẹ̀ tó ti ká kò bíi gbòǹgbò. "Rárá o. Ọsán tèmi ti já, ọrun mi ti dọ̀pá. Kò sì dùn mí. Ọlọ́run tó dá ọmọ yìí sí fún mi, kí ni mo tún fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Bí mo bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí mò ń wò ó bó ṣe ń wọ igbó lọ, ó tó."

Maren ò gbọ́ kí bàbá òun dárúkọ Ọlọ́run rí, àyàfi nídìí oúnjẹ. Ó bojú wo ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù kí omi ojú rẹ̀ má bàa jábọ́.

"Wendell, àgọ́ ìbùba tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ṣé ó gba èèyàn méjì?"

"Ó gbà wọ́n dáadáa."

"Orí igi lo ti máa ń tafà," ni Orville wí. "Látorí igi óákù wa, gbogbo pápá lò ń rí."

"Orúnkún yín ò lè gun igi mọ́, Dádì. Mi ò sì níí gùn ún láìsí ẹ̀yin. Ilẹ̀ la máa jókòó sí lọ́dún yìí."

"Ikọ́ mi á lé ẹran lọ."

"Ẹ jẹ́ kó lé e lọ."

Wendell ti ń gbé àgọ́ táwọn ọdẹ ń fara pamọ́ sí náà bọ̀. Ó nà án ró láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó gbé àga méjì sínú rẹ̀. Orville di ọmọ rẹ̀ mú léjìká, ó bẹ̀rẹ̀, ó wọlé. Wọ́n gbọ́ tí àga kan dún, lẹ́yìn náà tí èkejì wọ́ nílẹ̀ bó ṣe ń sún un mọ́ra.

"Wọlé, ọmọ mi," ló wí láti inú ibẹ̀. "Àyè wà."