Ìkúnlẹ̀ Inú Àgbàrá

Omi tó ń pariwo kì í dẹ́rù bà mí. Èyí tó bá ń pòyì jẹ́ẹ́ lójú kan ni mo máa ń sá fún, àwọn ará ilé wa ní Ikpoba Hill sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní ọdún 1983, òjò rọ̀ títí àgbàrá fi bo títì iwájú ilé. Ihò oníkọnkéré kan wà lábẹ́ títì náà tí omi ń gbà bọ́ sí òdìkejì. Omi ti bo ẹnu ihò náà, tí kò jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mọ́lẹ̀. Ohun tó kù tí ojú rí ni ibi kan tí omi ti ń yí, tí àárín rẹ̀ jìn wọnú, tó ń fa atẹ́gùn fùrù bí ẹni ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Pákó kan léfòó dé ibẹ̀, ó yí po, ó nàró, ó sì wọlé lọ.

Folúkẹ́, alájọgbé mi, àti ìyá ọkọ rẹ̀ wà pẹ̀lú mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìkìrun ni ìyá ọkọ yìí, Màmá Jayéọlá, ti wá lánàá ọjọ́ náà, kò sì tíì yé ráhùn pé Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ọmọ òun, kì í kúnlẹ̀ kí àgbà.

"Folúkẹ́, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde o!"

"Ẹ má bínú, Mà. Á máa kúnlẹ̀."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí Kíkẹ́ fi yọ láti ilé ìwé. Omi mu ún dé orúnkún.

Folúkẹ́ figbe ta. "Kíkẹ́! Gba ẹ̀gbẹ́ ògiri! Má súnmọ́ ibi tó ń yí yẹn!"

"I don hear, Mummy!"

Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lóòótọ́. Ó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wa ló rí Màmá. Ló bá dúró, ó tún aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ṣe, ó sì kúnlẹ̀ sínú omi.

"Ẹ káàsán, Mà..."

Omi orúnkún di omi àyà. Ó gbé e nílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń fà á lọ síbi tó ń pòyì.

Folúkẹ́ bẹ́ sómi, ó sì gbá ọmọ náà lápá mú. Mo di Folúkẹ́ mú lẹ́sẹ̀, Màmá gbá èmi náà níbàdí mú, ó ń ké "Jésù! Jésù!" Ẹsẹ̀ Kíkẹ́ ti wọ ihò dé itan. À ń fà, omi náà ń fà. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé ọmọ yìí ti lọ. Lójijì ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ, gbogbo wa sì ṣubú lé ara wa.

A gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó pọ omi, ó ń gbọ̀n. Nígbà tó gbójú sókè tó rí Màmá, ẹ̀rù tún bà á. Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún.

"Má kúnlẹ̀!" Màmá ti kì í mọ́lẹ̀ lábíyá. "Dúró, ọkọ mi. Dúró kí n máa wò ọ́."

"Mama, my leg dey pain me."

Màmá ò gbọ́ pidgin. Ó di ọmọ náà mú lóòró, kò jẹ́ kó jókòó.