Ojú Ìwé Tí Áyọ́ọ̀nù Mi Jó

Owú kì í darúgbó. Orúnkún mi ti darúgbó, eyín mi ti ṣí lọ, ẹni tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní láti pariwo, ṣùgbọ́n owú àbúrò mi tó wà nínú mi ṣì ń fò kiri bí ọmọ ewúrẹ́.

Àwa méjì ni ìyá wa bí. Èmi ni àgbà. Ẹyinjú ni ìyá wa máa ń pe àbúrò mi. Èmi ńkọ́? “Ìwọ tí ò ń fọṣọ, wá.” Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ.

Ogójì ọdún ni mo fi ń sọ ìtàn inú Bíbélì fún àwọn ọmọdé nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí àwọn àgbà bá ti kọ orin àkọ́kọ́ tán, mo ti kó àwọn ọmọ jáde nìyẹn, ó di yàrá ẹ̀yìn títí ìwàásù á fi parí. Ìyẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní Màmá Yàrá Ẹ̀yìn. Ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ ọlọ́mọ kì í gbọ́ ìwàásù. Láti ọjọ́ tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn, n ò gbọ́ ìwàásù kan tó lórí tó nídìí mọ́.

Ọkọ mi ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀. Alágbàfọ̀ ni mí. Láràárọ̀, bí mo bá ti da èédú gbígbóná sínú áyọ́ọ̀nù, tí mo tẹ́ aṣọ oníbàárà sórí tábìlì, ọkọ mi á fa àpótí sún mọ́ mi, á ṣí Bíbélì rẹ̀ sí etí tábìlì, á máa kà á fún mi títí fèrè ilé iṣẹ́ wọn á fi dún. Ìtàn Kéènì àti Ébẹ́lì, ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé kan ni mò ń lọ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ti Líà àti Rákélì, aṣọ ìbusùn ni. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Jóòbù, òórùn sítáàṣì ló ń ta sí mi nímú. Èmi fúnra mi, bí mo bá dojú kọ ìwé, ńṣe ni mò ń ṣa ọ̀rọ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ìtàn tó dùn lẹ́nu mi jù ni ti ọmọ onínàákúnàá. Ọmọ tó gba ìpín rẹ̀ nígbà tí baba rẹ̀ ṣì wà láàyè, tó lọ jẹ ẹ́ run ní ìlú òkèèrè, títí tí oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wù ú jẹ. Ó padà wálé. Baba rẹ̀ rí i lọ́ọ̀ọ́kán, ó sáré pàdé rẹ̀, ó fún un ní aṣọ tó dára jù nínú ilé, ó fi òrùka sí i lọ́wọ́, ó pa màlúù. Ijó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkọ mi máa ń pa ìwé dé.

“Ṣé ó tán?” ni mo bi í nígbà kan.

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ibi tí tiwa mọ nìyẹn.”

Èmi náà ń parí rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò fi dárí ji àbúrò mi bí baba yẹn ṣe dárí ji ọmọ rẹ̀. Ẹyinjú kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó bá awakọ̀ akẹ́rù kan sá lọ. Ìyá wa ń ṣàìsàn nígbà náà. Èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mò ń fọ ohun tó fi ń bora. Ọdún mẹ́rin, Ẹyinjú kò kọ lẹ́tà kan ṣoṣo. Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá wa ránṣẹ́ sí mi, tòun ti aṣọ funfun kan tó ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ létí: “Ẹyinjú ti dé! Bá mi lọ aṣọ yìí kíákíá, kí a wọ̀ ọ́ fún un.” Aṣọ yẹn, mo ti tọrọ rẹ̀ nígbà ìgbéyàwó mi, ìyá mi ní kò tíì yá. Mo lọ̀ ọ́. Inú ń bí mi débi pé n ò mọ ibi tí mò ń gbé áyọ́ọ̀nù sí. Mo gbé aṣọ náà dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi, mo gbọ́ orin àti ẹ̀rín nínú ilé, mo nà án sí ẹni tó kọ́kọ́ yọjú, mo sì yí padà. N ò wọlé.

Kò pẹ́ tí Ẹyinjú lọ sí ilé ọkọ ní ìlú mìíràn. Ó gbàgbé mi, mo gbàgbé rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ gbà mí gbọ́. Ọdún yìí ni ọkọ rẹ̀ kú, tó wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní òpópónà kejì sí tèmi. Ó dé ṣọ́ọ̀ṣì wa pẹ̀lú awò lójú. Ó ti lọ kọ́ ìwé lọ́jọ́ ogbó! Alàgbà tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, káfíńtà ni, ó wá bá mi.

“Màmá, bí ẹ bá ti sọ ìtàn tán, kí Màmá Kékeré, àbúrò yín, máa kà á látinú ìwé tẹ̀ lé e.”

“Kó máa tẹ̀ lé mi bí ẹlẹ́rìí kóòtù?”

“Ó tì o, Màmá. Kí àwọn ọmọ lè mọ̀ pé ó wà lákọsílẹ̀ ni.”

Ó tún kan àga fún un. Àga tó lápá méjèèjì! Ogójì ọdún ni mo fi jókòó sórí àpótí nínú yàrá yẹn, ẹnikẹ́ni kò rántí pé mo ní ìgúnpá.

Oṣù méjì ni mo fi gbé e mì. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo sọ ìtàn ọmọ onínàákúnàá, mo sọ ọ́ débi pé ẹnu mi ń dùn mọ́ èmi fúnra mi. “Orin ń dún, ijó ń lọ, inú baba dùn. Ibẹ̀ ló parí sí!”

Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Ẹyinjú ti awò rẹ̀ sókè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ó kù.”

“Kí ló kù?”

“Ẹ ò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọmọ náà.”

“Ẹ̀gbọ́n wo? Ta ló bí ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn?”

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ẹ̀gbọ́n kan ti oko dé, ó gbọ́ orin, ó béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ló dé. Inú bí i, ó dúró síta, ó ní òun kò ní wọlé. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń sin baba òun, kò fún òun ní ọmọ ewúrẹ́ kan rí.

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí.

“Ó tó! Ẹyinjú, èmi lo ń bú!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ni mò ń kà.”

“Ìwé wo? Nítorí pé n ò mọ̀wé, o wá kó ẹjọ́ ilé ìyá wa wọ inú Bíbélì níwájú ọmọ ọlọ́mọ! Ẹ pe Alàgbà wá. Bí ẹ̀gbọ́n kankan bá wà nínú ìtàn yìí, kọ́kọ́rọ́ yàrá yìí di tìrẹ.”

Alàgbà dé. Ó ṣí Bíbélì tirẹ̀, ó wò ó, ó wò mí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Màmá, ó wà níbẹ̀ o.” Ó kà á, kò sí ìyàtọ̀ kankan.

Mo gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, mo jáde. Ilé mi kò ju ìdajì òpópónà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bíbélì ọkọ mi ṣì wà nínú àpótí, mo fi aṣọ wé e láti ọjọ́ tó ti kú. Ó ti na òwú pupa sí ojú ìtàn yẹn. Mo ṣí i. Mo ṣa ọ̀rọ̀ kan, mo ṣa èkejì, títí mo fi dé ibi tí inú wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí dùn. Lábẹ́ rẹ̀, ìwé náà ti jó, ó ti dúdú: ẹnu ṣóńṣó níwájú, ìdí fífẹ̀ lẹ́yìn. Ta ni yóò sọ fún alágbàfọ̀ pé ojú áyọ́ọ̀nù nìyẹn? Mo rántí aṣọ funfun. Mo rántí bí ọkọ mi ṣe sáré gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ìwé rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tí kò bá mi wí.

Èmi ni mo jó ẹ̀gbọ́n náà kúrò nínú ìwé. Ọkọ mi sì mọ̀. Ó mọ̀, ó ń pa ìwé dé.

Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ẹyinjú ni, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń mí gúlegúle.

“Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ọmọ ò jẹ́ kí n sinmi. Wọ́n ní ṣé ẹ̀gbọ́n yẹn padà wọlé àbí kò wọlé.”

“Kí ni ìwé rẹ wí?”

“Baba rẹ̀ jáde lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní ọmọ òun ni, ó ní gbogbo ohun tí òun ní, tirẹ̀ ni. Ìwé ò sọ̀rọ̀ kọjá ibẹ̀.”

Baba tó sáré pàdé ọmọ kékeré, òun náà ló tún jáde wá bá ọmọ àgbà. N kò sọ ìyẹn fún ọmọ kankan rí.

Ẹyinjú jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi láìtọrọ àyè, bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré. “Lọ́jọ́ tí mo padà dé, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ló lọ aṣọ yẹn. Mo gbé ẹran yín pamọ́ sínú àwo. Ọjọ́ kejì ni mo tó dà á nù.”

“Ìwọ?”

“Èmi. Ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò.”

Kí n má purọ́, kò sí ohun kan tó já bọ́ lọ́kàn mi bí ẹrù. Mo tiẹ̀ kọ́kọ́ rò ó pé, ẹran nìkan? Aṣọ ńkọ́? Ṣùgbọ́n mo wá bàtà mi.

Àwọn ọmọ ń dúró dè wá ní yàrá ẹ̀yìn nígbà tí a wọlé. Ẹyinjú na ọwọ́ sí àga tó lápá, ó ní kí n jókòó. N ò kọ̀. Mo gbé ìgúnpá mi méjèèjì lé e, ó sì bá mi mu ju bó ṣe bá a mu lọ.

“Màmá Yàrá Ẹ̀yìn,” ọmọbìnrin kékeré kan béèrè, “ṣé ẹ̀gbọ́n yẹn wọlé?”

“Ìwé ò sọ,” ni mo dá a lóhùn. “Ẹyinjú, kà á láti ibi tí ó ti ń bínú. Kà á sókè. N ò gbọ́ ọ dáadáa lẹ́ẹ̀kan.”