Ọ̀mọ̀wé Ásíìdì

Ọjọ́ kejì tí iṣẹ́ ti bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ onílé tó dé. Awakọ̀ rẹ̀ ló wá jíṣẹ́: ilẹ̀ pálọ̀ kì í ṣe táìlì, òkúta mábù ni, ọṣẹ àti omi nìkan ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Ó jíṣẹ́ tán, ó wolẹ̀. Ilẹ̀ tó ń dán bí dígí lánàá ti ṣá bí ẹsẹ̀ tí kò fojú kan ìpara.

Kò ya ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà lẹ́nu. Òun àti ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni wọ́n jọ ń fọ sìmẹ́ńtì kúrò lára ilé tuntun. Ọ̀mọ̀wé Ásíìdì ni àwọn bíríkìlà ń pe ọkùnrin náà, òun sì rò pé wọ́n ń yin òun ni. Ọ̀mọ̀wé tó ń bu omi lu ásíìdì, tó bá ta sí i lára, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fóun. Ní ti ọmọbìnrin náà, omi ló ń kọ́kọ́ wọ garawa, kó tó rọra da ásíìdì sí i. Á ṣí fèrèsé, á wọ ìbọ̀wọ́ róbà dé ìgúnpá. Ọ̀mọ̀wé ní ó múra bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí màlúù.

Lánàá, ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ kán ásíìdì tó ti pò mọ́ omi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ilẹ̀ sì hó bí ọṣẹ. Ó sọ fún Ọ̀mọ̀wé pé òkúta tó bá hó báyìí, ásíìdì ń jẹ ẹ́ ni. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ìdọ̀tí ló ń sá lọ. Ọgbọ́n ìgbín tó fẹnu kan iyọ̀! Ó po tirẹ̀, ó fọ pálọ̀ láti ògiri dé ògiri, ó ń súfèé.

Awakọ̀ ní onílé ń bọ̀ lọ́sàn-án. Bó ṣe jáde báyìí, ohùn Ọ̀mọ̀wé rọ̀ bí òwú.

“Àbúrò mi àtàtà, ṣáà sọ pé ìwọ lo ṣèèṣì. Ọmọdé ni ẹ́, wọ́n á foríjì ẹ́. Èmi ni mo lórúkọ tó lè bàjẹ́.”

Orúkọ wo ló tún kù tó fẹ́ bàjẹ́? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni onílé ṣèlérí pé ọmọbìnrin náà nìkan ló máa fọ ògiri bíríkì ìta. Tó bá gba irọ́ yìí, iṣẹ́ náà lọ nìyẹn. Tí kò bá sì gbà á, inú ilé ọkùnrin yìí ló ń sùn.

Ó rọra bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, mi ò ní sọ pé èmi ni. Ẹ̀yin lẹ fọ̀ ọ́, ohun tí mo máa sọ fún wọn nìyẹn. Mi ò sì ní bá yín ṣiṣẹ́ mọ́.”