Ilẹ̀kùn Gbọ̀ngán Ìgbìmọ̀

Ọdún yẹn, òjò rọ̀ débi pé ilẹ̀kùn gbọ̀ngán ìgbìmọ̀ ìlú kò ṣeé tì mọ́. Igi rẹ̀ ti mu omi yó, ó wú, bí wọ́n bá sì tì í dé ìdajì, ńṣe ni yóò há mọ́ ilẹ̀, tí yóò máa ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù. Níbòmíràn, ilẹ̀kùn lásán nìyẹn. Ní ìlú ọjà kékeré náà, ọ̀rọ̀ ńlá ni, nítorí pé àwọn ìgbìmọ̀ kì í nawọ́ dìbò lórí ohunkóhun àfi bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn. Aráàlú lè wọlé, kí ó jókòó, kí ó sọ tẹnu rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di pé ká nawọ́, Alága á ní kí gbogbo ẹni tí kì í ṣe ìgbìmọ̀ bọ́ síta, ìránṣẹ́ á ti ilẹ̀kùn gbọin, èsì nìkan ni ìlú máa gbọ́. Ẹni tó nawọ́ àti ẹni tó ká ọwọ́ lẹ́rán, kò gbọdọ̀ tẹnu ẹnikẹ́ni jáde. Àwọn àgbà tó dá àṣà náà sílẹ̀ ní kí ìjà má baà wọ inú ẹbí ni. Bóyá ire ni wọ́n fi rò. Ohun tó ti ibẹ̀ wá ni pé kò sí ìpinnu burúkú kan tó ní bàbá nílùú náà. Gbogbo ọwọ́ ló mọ́.

Ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí pé kó wá tún ilẹ̀kùn ṣe ni obìnrin tí gbogbo ọjà ń pè ní Àǹtí Káfíńtà. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti sọ pé òun kò lè máa fi eruku igi ṣe àtíkè. Nígbà tí bàbá kú, ìsọ̀ rẹ̀ tó wà ní ọ̀nà ẹ̀yìn ọjà di tirẹ̀. Ọ̀nà tóóró kan ni, àwọn atúnnǹkanṣe ló tò sí i lọ́tùn-ún lósì: aránbàtà, ẹni tó ń tún rédíò ṣe, ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ àti síṣọ́ọ̀sì. Bí nǹkan ẹni bá bàjẹ́ nílùú náà, ibẹ̀ là ń gbé e lọ ká tó sunkún. Ìsọ̀ Àǹtí Káfíńtà ló gbẹ̀yìn, páànù lórí, pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́, òórùn igi tútù àti gọ́ọ̀mù. Tábìlì iṣẹ́ bàbá rẹ̀ wà láàárín, ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé tábìlì ni wọ́n kọ́kọ́ kàn kí wọ́n tó mọ ògiri yí i ká. Kò lè gba ẹnu ọ̀nà kankan jáde. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e kúrò, àfi kó fi ayùn rẹ́ ẹ.

Ọ̀nà yẹn gan-an ni Alága fẹ́ wó, kí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ti jíròrò rẹ̀ ní gbangba títí ó fi sú àwọn èèyàn. Ìnawọ́ ló kù.

Ìránṣẹ́ ìgbìmọ̀ dé ìsọ̀ náà ní òwúrọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí ó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, èèyàn lè kí òpó dípò rẹ̀.

“Àǹtí, Alága ní kí ẹ bá wa fá ilẹ̀kùn. Ó ní kó ti pa kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọ̀la.”

“Ilẹ̀kùn tó ti ń há láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀? Kí ló wá ń kán an lójú?”

“Wọ́n fẹ́ nawọ́ ni. Àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí ń bọ̀ lọ́túnla.” Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà ara rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Bàbá Aránbàtà, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tirẹ̀, yọ òwú lẹ́nu. “Ó ti yé mi. Wọ́n fẹ́ wó ilé mọ́ ọ lórí, ìwọ ni wọ́n wá ń bẹ̀ pé kó o bá wọn ti ilẹ̀kùn.”

“Ẹ sọ fún Alága pé mo ń bọ̀,” ni Àǹtí Káfíńtà wí.

Kó tó lọ síbẹ̀, ó ya ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ méje ni ẹ̀gbọ́n yìí. Aṣọ ló ń tà lójú títì, nínú ṣọ́ọ̀bù tó ní gíláàsì níwájú, ó sì wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ pé àwọn oníbàárà òun kì í rí ibi gbé mọ́tò sí. Ó ń ká aṣọ nígbà tí àbúrò rẹ̀ wọlé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ bí ìgbà tí èèyàn ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Bọ̀ọ̀dá, mo gbọ́ pé ọ̀la ni.”

“Ọ̀la ni.”

“Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo ni ọwọ́ yín máa wà?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ náà. Ṣé o rò pé mo lè nawọ́ kí wọ́n wó ìsọ̀ bàbá wa?”

Ó dúpẹ́, ó jáde. Ó rìn títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi kó tó fura pé ìbéèrè ni wọ́n fi dá òun lóhùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó bẹ Bàbá Aránbàtà kó bá òun di ilẹ̀kùn mú. Ó tú àwọn síkúrù níkọ̀ọ̀kan, ó gbé ilẹ̀kùn lé orí bẹ́ǹṣì méjì, ó gbé ìfági lé e. Ó fá a lẹ́ẹ̀kan péré, igi ká jáde, ó tutù bí ìrì òwúrọ̀. Ó dáwọ́ dúró. Ó wo inú gbọ̀ngán láti ẹnu ọ̀nà tó ti di ihò gbàǹgbà: àga méje, tábìlì gígùn, gíláàsì omi Alága. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò tíì dúró síta kó rí àga wọ̀nyẹn rí ní wákàtí ìnawọ́. Kò sẹ́ni tó rí wọn rí.

“Bàbá, ẹ bá mi gbé e.”

“Padà síbi tó wà?”

“Sí ìsọ̀ mi.”

Bàbá Aránbàtà wò ó, ó wo ilẹ̀kùn. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. “Ṣebí mo ti ń sọ pé iṣẹ́ mi kì í jẹ́ kí n ṣe eré ìdárayá.”

Wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà gba àárín ọjà kọjá, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn èèyàn yàgò fún wọn. Ẹni tó bá bi wọ́n léèrè, Bàbá Aránbàtà á ní, “Ara rẹ̀ kò yá ni, ọsibítù là ń gbé e lọ.” Kí wọ́n tó dé ìsọ̀, gbogbo ọjà ti mọ̀ pé gbọ̀ngán ìgbìmọ̀ kò ní ilẹ̀kùn mọ́.

Ìránṣẹ́ sáré tẹ̀ lé wọn. “Àǹtí, ẹ dákun, kí ni màá sọ fún Alága?”

“Ẹ sọ fún un pé igi náà kò tíì gbẹ. Bí mo bá fá a báyìí, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé á súnkì, atẹ́gùn á máa fẹ́ wọlé. Òtítọ́ ni, ẹ lè fi mí búra.” Òtítọ́ ni lóòótọ́. Kì í kàn ṣe ìdí tó fi gbé e ni.

Nírọ̀lẹ́, gbọ̀ngán kún. Àwọn tí kò wá sí ìpàdé rí wá láti wo ilẹ̀kùn tí kò sí. Alága wọlé, ó gba ẹnu ọ̀nà kọjá bí ẹni pé kò rí nǹkan kan, ó jókòó, ó mu omi. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di ti ìnawọ́, ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta. Wọ́n bọ́ síta lóòótọ́. Wọ́n dúró sí ìloro, ojú gbogbo wọn kọ inú ilé.

“Mo ní kí ẹ bọ́ síta,” ni Alága wí.

“A ti bọ́ síta, sà,” ni Àǹtí Káfíńtà dáhùn. Iwájú ló dúró sí. “Ibi tí a wà yìí, òjò lè pa wá níbẹ̀.”

Ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì rí, tó wà lára àwọn ìgbìmọ̀, fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkùnrin kan lára wọn ní ṣé kò ní dára kí wọ́n sún un síwájú títí ilẹ̀kùn á fi dé. Alága ní rárá, àwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀ lọ́la, òun ti fún wọn lọ́rọ̀. Ó yíjú sí ìránṣẹ́. “Ìwọ, lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Na apá rẹ méjèèjì.”

Ìránṣẹ́ lọ dúró. Ó na apá. Èèyàn tó wà lẹ́yìn pátápátá ṣì ń rí gíláàsì omi Alága.

“Ìránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́,” ni Bàbá Aránbàtà wí, “ẹ má mí sínú tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti fẹ́ bò wá lójú.”

Ẹ̀rín bú. Ìránṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín, apá rẹ̀ sì ń mì.

Alága kò rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin tó fẹ́ kí iṣẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí bẹ̀rẹ̀, ẹ nawọ́.” Ó na tirẹ̀ sókè kíákíá. Ọkùnrin tó jókòó tì í na tirẹ̀. Ọwọ́ ọkùnrin kẹta kúrò lórí tábìlì, ó gòkè, ó bá ojú ìyàwó rẹ̀ pàdé ní ìloro, ó sì yà sí etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí náà. Nọ́ọ̀sì ká ọwọ́ lẹ́rán.

Àǹtí Káfíńtà kò wo ẹnì kan nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò. Bọ̀ọ̀dá ń wo tábìlì. Ó pẹ́ kó tó mira, ó dà bí ẹni pé kò tiẹ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ọwọ́ tó fi ń tẹ́ aṣọ, ó gbójú sókè, ó sì wo àbúrò rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́ ní ìloro.

Ọwọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n bi àwọn tí kò fẹ́, ti nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ lọ sókè, ọkùnrin tó ń họ etí náà sì fi etí sílẹ̀, ó na tirẹ̀. Àwọn méjì yòókù wo ara wọn, wọ́n nawọ́. Mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ ibi ìgbọ́kọ̀sí wó lulẹ̀, ariwo sọ ní ìloro. Àǹtí Káfíńtà ti lọ sílé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí ìsọ̀ ní òwúrọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, nítorí pé tábìlì bàbá wọn kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó sanra.

“Alága ní kí n wá gba ilẹ̀kùn. Ó ti pe káfíńtà tó wà níbùdókọ̀, ìyẹn ní ayùn òun ń ṣàìsàn.”

Àǹtí Káfíńtà ń fi bébà oníyanrìn ha ẹsẹ̀ àga kan.

“O ò ní bá mi sọ̀rọ̀?”

“Ẹ purọ́ fún mi, Bọ̀ọ̀dá.”

“Mi ò purọ́. Mi ò kàn lè sọ ọ́ lójú ẹ ni.” Ó gbé ọwọ́ lé tábìlì, ó gbé e kúrò. “Mo gbà pé ibi ìgbọ́kọ̀sí yẹn á ṣe ìlú lóore. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn, mo ṣì rò ó bẹ́ẹ̀. Ṣé o rò pé kò dùn mí? Èmi náà jẹun lórí tábìlì yìí.”

“Ẹ ò bá ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù.”

“O máa bá mi jà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Màá bá yín jà, a ó jà, á tán. Èyí tí ẹ fẹ́ ṣe yẹn, ẹ máa wó ìsọ̀ mi, ẹ tún máa wá bá mi kẹ́dùn.”

Bọ̀ọ̀dá jókòó sórí ìtì igi. Ó ní, “Ọ̀rọ̀ yẹn ń padà bọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀. Alága kò ní gbà. Ó ti ní kí ilẹ̀kùn ti wà níbẹ̀ nígbà náà.”

“Ilẹ̀kùn á wà níbẹ̀.”

Ó jẹ́ kí igi náà gbẹ dáadáa, kò sì sí ẹni tó lè kán an lójú títí ó fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ó wọ̀n ọ́n, ó fa ìlà sí i ní ọ̀gangan àyà àgbàlagbà, ó sì fi ayùn gé e sí méjì. Ó dán ojú ibi tó gé títí kò fi lè ha aṣọ ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ ìpàdé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa bá òun gbé e, nítorí pé ẹ̀yìn ń dun Bàbá Aránbàtà. Bọ̀ọ̀dá ló wá. Ó di ẹ̀gbẹ́ kan mú nínú aṣọ funfun rẹ̀, wọ́n gba àárín ọjà kọjá.

“Màá ṣì nawọ́ bí mo ṣe nà án,” ló wí lójú ọ̀nà.

“Ẹ nà án dáadáa. Màá máa wò yín.”

Ilẹ̀kùn náà wọ ibi tó yẹ, ó tì pa láì ké. Alága dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ láti àyà sókè, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn káńtà.

“Ta ló ní kí ẹ gé e?”

“Ẹ ní kó ti pa, sà. Ó ti pa.”

“Ìdajì òkè ńkọ́?”

Àǹtí Káfíńtà na ọwọ́ sí ìloro. Ó ti fi ṣe bẹ́ǹṣì gígùn, Bàbá Aránbàtà ti jókòó sí i pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, ìyàwó ọkùnrin tó ń họ etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyè kan sì ṣẹ́ kù láàárín wọn. Ó lọ jókòó síbẹ̀, ó gbọn eruku igi kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó sì kọjú sí inú ilé.

“Ẹ máa bá ìpàdé lọ, sà. Àwa ti wà níta.”